Abẹ́rẹ́ Di Ọ̀gá Nílé Ìfọṣọ

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ ìránṣọ ló sì ń ṣe. Yàrá kékeré kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí á máa lẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ya, tí á máa rán bọ́tìnnì tó já lára aṣọ àwọn dókítà padà. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé aṣọ wá, á gbà á, á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, á ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Bí ọ̀la bá dé, aṣọ á ti wà ní sẹpẹ́, èèyàn ò sì ní rí ojú ibi tó ti ya mọ́ àfi tó bá wá a.

Ó ti gbà pé ibẹ̀ lòun máa dàgbà sí. Kò bẹ̀rù iṣẹ́. Ariwo ló bẹ̀rù, yàrá yẹn ò sì ní ariwo.

Ilé ìfọṣọ ló ní ariwo. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, yàrá ràgàjì kan tí ooru rẹ̀ máa ń wá pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tò sápá kan, wọ́n ń dún bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Olórí àwọn tó wà nídìí wọn ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ọṣẹ, tí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ̀rọ nígbàkigbà tó bá wù ú. Tábìlì àwọn tó ń lọ aṣọ wà ní apá kejì, Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ló sì ti pẹ́ jù níbẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ṣì ń fi èédú lọ aṣọ ló ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà. Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó aṣọ lọ sí wọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì fi ń kó ìdọ̀tí bọ̀, ló ń tì, ṣùgbọ́n bó bá dé kọ́nà, ẹnu ló máa ń fi fọn fèrè, "Pọ́ọ̀n, pọ́ọ̀n," kí àwọn nọ́ọ̀sì lè yà fún un.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìfọṣọ fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ló kàn. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń kí i ní ọ̀gá, òun náà ò sì ní kí wọ́n má kí i bẹ́ẹ̀. Àfi bí Mátírọ́ọ̀nù, ìyẹn àgbà nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó gbogbo ilé ìwòsàn, ṣe ránṣẹ́ pe Abẹ́rẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Mo fẹ́ kí o bọ́ sí ìsàlẹ̀, kí o máa ṣe ọ̀gá wọn," ni Mátírọ́ọ̀nù wí.

"Mà, iṣẹ́ ìránṣọ nìkan ni mo mọ̀."

"Ìyẹn náà ni mo ń wá. Ohun tó ya ló wà nísàlẹ̀ yẹn."

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn dókítà dá aláìsàn padà sórí bẹ́ẹ̀dì láì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, torí pé kò sí aṣọ tó mọ́ tí wọ́n lè tẹ́ tàbí tí wọ́n lè wọ̀. Ẹni tí wọ́n dá padà kẹ́yìn ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná, ẹkún ló ń sun bí wọ́n ṣe ń tì í lọ. Ohun tí Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ kò ju pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ fọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ láràárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti wọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó dúró láàárín yàrá, ó sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. "Ó dáa, mà," ni wọ́n wí. Màmá Ọṣẹ yíjú padà, ó da aṣọ wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà sínú ẹ̀rọ. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ò tiẹ̀ gbójú sókè. Dẹ́rẹ́bà ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará, abẹ́rẹ́ ti já bọ́ láti òkè. Kí kálukú máa wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀." Ẹ̀rín gba yàrá kan. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé inú.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò bá a jà. Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó dáa. Bó bá kẹ̀yìn, wọ́n á ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù kì í pè é ní ọ̀gá, kì í sì í pè é lórúkọ. "Ọmọ òkè" ló ń pè é, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àlejò tó ṣìnà. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ á wà ní kọ̀rọ̀ nínú àpò rẹ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n, àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi fóònù pè, Abẹ́rẹ́ á sì máa bẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù tán. Ó pariwo mọ́ wọn. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó máa lọ sílé. Ohùn náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo ìṣíwọ́ dún, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jáde, wọ́n fi aṣọ tútù sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Kó tó di àárọ̀, aṣọ ti ń rùn. Wọ́n ní láti tún gbogbo rẹ̀ fọ̀, Mátírọ́ọ̀nù sì pè é láti bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nírọ̀lẹ́, Abẹ́rẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, kò bọ́ bàtà. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, dé láti ibi iṣẹ́, sìmẹ́ǹtì ṣì wà nírun ojú rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣe é, ìyàwó rẹ̀ sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Lé ẹnì kan nínú wọn," ni ọkọ wí. "Àwọn yòókù á jí gìrì."

"Bí mo bá lé Bàbá Aláyọ́ọ̀nù, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá wa lọ aṣọ?"

"Èmi tí mi ò lè lọ ṣòkòtò ara mi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkọ jókòó tì í, ó wá ní, "Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí ògiri bá là, tí a rẹ́ ẹ, tó tún là, a kì í na ògiri. Ilẹ̀ la máa ń gbẹ́ wò. Ṣé o ti bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi fẹ́ fọ̀ ọ́?"

Abẹ́rẹ́ rò ó. Ó ti ṣàlàyé, ó ti bẹ̀bẹ̀, ó ti pariwo. Kò tíì béèrè.

Ilẹ̀ mọ́, ó béèrè. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á fò sẹ́yìn. Ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì ti bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ìdáhùn wọn ló sì di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ rí i pé ẹnu lásán ò ní ṣe é. Ó lọ bá Màmá Ọṣẹ nídìí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ìfọṣọ. Mi ò lè jẹ́ ọ̀gá ohun tí mi ò mọ̀."

Màmá Ọṣẹ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọwọ́ rẹ á bó."

"Ẹ jẹ́ kó bó."

Màmá Ọṣẹ ju épírọ́ọ̀nù kan sí i. Iṣẹ́ tó nira jù ló kọ́kọ́ fún un, bóyá kó lè tètè sú u. Abẹ́rẹ́ ń ya aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń bu ọṣẹ, ó ń fa aṣọ tútù tó wúwo bí òkú ẹran jáde nínú ẹ̀rọ. Ó wá mọ̀ pé omi tútù la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, pé bí omi gbígbóná bá kàn án, ó di tàbàwọ́n títí ayé. Ọwọ́ rẹ̀ bó lóòótọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò pàṣẹ kankan. Díẹ̀díẹ̀ àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ bíi pé kì í ṣe ọ̀gá: ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ kàwé, ọ̀rọ̀ àna tó wá kí wọn tí kò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ àna yẹn pa òun náà lẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Ìgbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kó ti yàrá iṣẹ́ abẹ."

Abẹ́rẹ́ tú ẹnu àpò náà, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Màmá Ọṣẹ gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀."

Ó mú ọ̀pá gígùn kan, ó fi gbé aṣọ kan sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Àlùmọ́gàjí kékeré kan já bọ́. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ kan, tòun tòwú tí wọ́n fi rán ara èèyàn.

"Abẹ́rẹ́ pàdé abẹ́rẹ́," ni Dẹ́rẹ́bà wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun gan-an ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Màmá Ọṣẹ wá là á yé e. Ọmọbìnrin kan ló máa ń dúró sídìí ẹ̀rọ yìí. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gún un lọ́wọ́. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò lè sùn, kò lè jẹun, kí wọ́n tó wá sọ fún un pé kò sí àrùn kankan tó kó. Kò padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

"A sọ fún ọ̀gá tó lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ló gbọ́. Látìgbà náà la ti ń fi àpò yìí sẹ́yìn, kí á lè rójú fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà wá dé, o ní ká máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kíákíá. Ta ló máa ki ọwọ́ ẹ̀ bọ ìyẹn kíákíá?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò mọ̀." Ó wo àlùmọ́gàjí tó wà nílẹ̀. "Kí lẹ máa ń ṣe sáwọn nǹkan tẹ́ ẹ bá rí?"

Màmá Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀, ó fa agolo mílíìkì ńlá kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú àti abẹ ló kún inú rẹ̀. "A kì í dá wọn padà. Kí àwọn náà máa wá a."

Abẹ́rẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ gòkè lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin náà ò tiẹ̀ ní kó jókòó. "Iṣẹ́ tiwa ni ká dá ẹ̀mí sí," ó ní. "Ẹ̀yin, ẹ fọ aṣọ." Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti rò ó pé ọ̀rọ̀ ò lè wọ obìnrin yìí létí bí kò bá fojú rí ohun tí à ń wí, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ó bẹ Màmá Ọṣẹ kí wọ́n jọ lọ.

"Èmi? Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn?" Màmá Ọṣẹ kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ gèlè tuntun wá síbi iṣẹ́, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá máa di ariwo, kí ariwo bá òun ní mímúra.

Wọ́n gbé agolo náà kalẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí kan, ó yí i padà, ó rí ọ̀dà pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi sàmì sí i lẹ́sẹ̀. Ó jókòó.

"Mo fi ẹ̀sùn èyí kan ọmọ kan níbí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo pè é ní olè. Ó sunkún."

Màmá Ọṣẹ, tó ti gbé ìjà dání láti ìsàlẹ̀, wá ìbínú tì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Inú ló bí wa la ò fi dá a padà." Ó sì sọ ìtàn ọmọbìnrin tí abẹ́rẹ́ gún. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá fẹnu kò síbì kan: àwọn nọ́ọ̀sì á máa gbọn aṣọ, wọ́n á sì máa ka irinṣẹ́ wọn kí aṣọ tó wọ àpò, bí ohunkóhun bá sì bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè wọ́n padà, ó fún wọn ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn. A gbọ́ pé ó ránṣẹ́ pe ọmọ tó fẹ̀sùn kàn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo àwọn tó pè é lólè lójú wọn.

Màmá Ọṣẹ ṣì ń fi ọ̀pá gbọn aṣọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan já bọ́ mọ́, ó gbé ọ̀pá tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, àpò yàrá iṣẹ́ abẹ ló kọ́kọ́ tú sínú ẹ̀rọ.

Ó wá ku Bàbá Aláyọ́ọ̀nù. Aṣọ ń tètè mọ́, àmọ́ bó bá dé orí tábìlì rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Èyí tó bá wù ú ló ń lọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ gba atẹ́gùn, Abẹ́rẹ́ lọ kúnlẹ̀ nídìí tábìlì náà.

"Dìde," ni bàbá wí. "Omi wà nílẹ̀ yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, Bàbá. Ipò tó tọ́ sí yín ni wọ́n fi mí sí. Mi ò tọrọ ẹ̀, mi ò sì kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n ti wá bá yín láti ọjọ́ kìíní."

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù náró. "Ta ló sọ fún ọ pé ipò ló ń bí mi nínú? Kí ló kù fún mi tí màá máa du àga? Ẹnu Dẹ́rẹ́bà ni mo ti gbọ́ ọ. Dẹ́rẹ́bà, tó ń fi ẹnu fọn fèrè. Gbogbo bí mo ṣe pẹ́ tó nínú ooru yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ kó wí fún mi pé, Bàbá, báyìí báyìí la ṣe rò ó."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún, àmọ́ ó mọ ẹni tó ni ín. Ó gba ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù lọ.

"Ṣé gbogbo ẹni tí a ò bá fi joyè ni màá máa wá bẹ̀?" ni Mátírọ́ọ̀nù bi í.

"Rárá, mà. Bàbá nìkan ni."

Mátírọ́ọ̀nù ò wá lọ́jọ́ yẹn, kò wá lọ́jọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti kú síbẹ̀. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n rí bàtà funfun tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mátírọ́ọ̀nù dá wá, ó jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ti ká.

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí mo bá mú yín kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ yìí? Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú yín."

Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ ìrọ̀rí kan tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣé mi ò létí ni?"

Màmá Ọṣẹ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Mátírọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e.

Bàbá ò di ẹni jẹ́jẹ́ lójijì. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù lọ tán, ó pe Abẹ́rẹ́, ó ní òun á máa kọ́kọ́ lọ ti yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró sí tábìlì wo, àti ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn, òun lòun á máa sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí nira fún Abẹ́rẹ́. Òun náà ti ní bó ṣe fẹ́ to àwọn tábìlì yẹn, ojú ọ̀nà ilé ló ti ń tò ó lọ́kàn. Ó gbé e mì. "Tiyín ni, Bàbá," ó ní. Kò pẹ́ tó fi rí i pé bàbá ò tò ó bí òun ṣe rò ó rárá, aṣọ sì ń jáde ju bó ti ń jáde lọ. Ọkùnrin kan wà lára àwọn tó ń lọ aṣọ tí ètò tuntun náà ò bá lára mu. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọgbà òdòdó. Wọ́n gbé e lọ, wọn ò bá a ṣọ̀tá.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, bọ́ọ̀sì méjì forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà ńlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n gbé èèyàn wá títí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn fi kún. Dẹ́rẹ́bà sáré wọlé, kò fọn fèrè, ó ní, "Wọ́n ní ká má dáwọ́ dúró." Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ẹ̀rọ kan fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màmá Ọṣẹ wo ẹ̀rọ náà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ní kí wọ́n gbé àwọn bàsíà jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀, nínú oòrùn. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù fi ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti máa fún aṣọ, òun àti àwọn tó kù dúró ti áyọ́ọ̀nù. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ wá ká aṣọ. Abẹ́rẹ́ ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó ń gbé omi ni, bí gbogbo wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ wá sí ìsàlẹ̀, ó jókòó sórí bàsíà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó gba omi mu lọ́wọ́ Màmá Ọṣẹ. "A ò dá ẹnì kankan padà," ó ní. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù nìkan ló na ọwọ́ sí Abẹ́rẹ́, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti mọ ọmọ wa yìí?" Abẹ́rẹ́ yára kọjú sí ibi tí aṣọ wà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìdáná dàrú. Àwọn alásè àti àwọn tó ń pín oúnjẹ ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ aláìsàn ń pẹ́. Mátírọ́ọ̀nù ní kí Abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀, kí Màmá Ọṣẹ gba ilé ìfọṣọ. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ni Mátírọ́ọ̀nù kọ́kọ́ lọ sọ fún, kó tó sọ fún ẹlòmíì. Bàbá ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, pé ó kéré tán, gbogbo èèyàn á máa gbọ́ ohun tí ọ̀gá bá wí, bí ẹ̀rọ tiẹ̀ ń dún.

Àgbà alásè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ débẹ̀, ó káwọ́ gbera.

"Mo gbọ́ pé ẹ wá kọ́ wa níṣẹ́ wa."

"Rárá, mà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Àlùbọ́sà ni mo wá bó. Ọ̀bẹ wo ni kí n mú?"

Alásè náà wò ó, ó wo àpò àlùbọ́sà tó wà nílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.